Ọwọ́ Ta Ni Yóò Fa Sétou Jáde?

Moscou, ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, ọdún 1996

Bàbá mi Boukari, ìyá mi Sétou,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le? Ikọ́ bàbá ńkọ́? Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé wọn dé mọ́sáláṣí? Ìyá, ṣé ẹ ti fi iṣẹ́ ilẹ̀ lílù sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ bí mo ṣe bẹ̀ yín, àbí ẹ ṣì ń gbé igi kiri láti ilé onílé dé ilé onílé? Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́. Ẹ bá mi kí Rakia, ẹnìkejì yín nínú iṣẹ́.

Ẹ máa ń béèrè irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí, mo sì máa ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ torí mo mọ̀ pé ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín. Bíríkì ni mo ń ṣe. Ẹ rán mi kọjá òkun, mo kàwé ọdún mẹ́sàn-án, mo tún padà sídìí amọ̀. Ṣùgbọ́n bíríkì tèmi kì í ṣe ti ayé. Àwọn ọ̀gá wa gbà pé lọ́jọ́ kan ènìyàn yóò lọ gbé lórí òṣùpá, kò sì sí ọkọ̀ tó lè ru sìmẹ́ǹtì débẹ̀. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá bá nílẹ̀ ni wọn yóò fi kọ́lé. Ẹ̀rọ àwọn ará ibí ti bu díẹ̀ wá láti ibẹ̀ rí, àmọ́ kò tó nǹkan, nítorí náà à ń ṣe èyí tó jọ ọ́: àpáta dúdú tí òkè oníná bì jáde ni à ń lọ̀ kúnná bí eérú. Kò sí omi lórí òṣùpá, kò sí koríko, kò sí ìgbẹ́ màlúù. A ó da erùpẹ̀ náà sínú irin, ẹ̀rọ yóò tẹ̀ ẹ́, iná tó gbóná ju ti alágbẹ̀dẹ lọ yóò sì sè é títí yóò fi lẹ̀ mọ́ra.

A ti fi bíríkì wọ̀nyí kọ́ yàrá kan sínú ilé iṣẹ́ wa. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀, àwa mẹ́ta yóò wọ inú rẹ̀: èmi, obìnrin dókítà kan, àti ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú. Wọn yóò ti ilẹ̀kùn fún àádọ́jọ ọjọ́, títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣọ́ ògiri, kí n máa wọn ibi tó bá là. Lẹ́tà yóò máa wọlé sí wa láti ojú ihò kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn méjì. Aago ìpè kan wà lára ògiri. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún un lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbogbo wa ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí mo bá parí rẹ̀, wọn yóò gbà mí síṣẹ́ pátápátá, wọn yóò sì fún mi ní ìwé ìgbélùú. Bí n kò bá parí rẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò kọjá oṣù kẹfà.

Bàbá, ẹ ṣàdúà fún mi. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ nǹkan kan sísàlẹ̀ lẹ́tà ìyá, kó jẹ́ orúkọ yín nìkan.

Ọmọ yín,
Assiath


Bantè, ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá, ọdún 1996

Assiath, ọmọ mi kan ṣoṣo,

Mo kí ọ o. Lẹ́tà rẹ dé. Ẹ̀ẹ̀kíní tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kejì, inú bí mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo pe Rakia kó wá bá mi kà á, bóyá ojú ló ń ṣe mí.

Wọ́n tì ọ́ mọ́lé! Ọmọ Sétou ni wọ́n tì mọ́lé, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá wọn mọ ògiri rẹ̀. O ní iṣẹ́ ni. Háà, iṣẹ́ tí mo mọ̀, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ènìyàn a gba ilé lọ. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ń tì mọ́lé kò ju mẹ́ta lọ: olè, wèrè, àti ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ báyìí. Jẹ́ kí n pa ẹnu mi mọ́.

Bíríkì wo ni kì í mu omi? Nígbà tí mo ń kọ́ ọ ní ilẹ̀ lílù, ṣé mo sọ fún ọ pé gbígbẹ ni a ń lù ú? A ó pò ó, a ó lù ú, a ó wọ́n omi èèpo igi irú lé e lórí, a ó tún lù ú, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ilé wa fi ń dán. Tí ìyẹ̀fun bá dà sí i, èèyàn lè kó o jẹ. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ ohun tí wọ́n ń wọ́n sí tiwọn. Tí wọ́n bá ní iná ni, sọ fún wọn pé Sétou ní Bantè ní ẹ kú iṣẹ́ o.

Bàbá rẹ kò kọ nǹkan sísàlẹ̀. Má bínú. Ó lọ sí oko ní Djaloukou, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ Moucharafou. Èmi náà kì í jáde ní ọjọ́ mẹ́ta yìí, orúnkún ń ro mí. Rakia ló ń dá lọ síbi iṣẹ́, òun ló sì máa ń bá mi fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, n kò sì ní sọ ìdí rẹ̀. Máa bọ̀ nílé. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta kò gbọdọ̀ bá ọ níbòmíràn, inú agbo ilé yìí ni kó ti bá ọ. Má sọ oṣù kẹrin fún mi. Oṣù kẹrin ti pẹ́ jù. N kò tíì bẹ̀ ọ́ rí láti ìgbà tí mo ti bí ọ, àmọ́ mo bẹ̀ ọ́ báyìí.

Ìyá rẹ,
Sétou


Moscou, nínú yàrá, ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, ọdún 1996

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé. Àná ni wọ́n ti lẹ́tà yín wọlé fún mi. Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì rèé tí a ti wà níbí. Yàrá náà kò ju ibi tí ẹ ń sá ẹ̀gẹ́ sí lọ. Kò sí fèrèsé. Eruku bíríkì wọ inú oúnjẹ, ó wọ inú àlá mi. Bíríkì kan ti là lápá ọ̀tún, ó tín-ín-rín bí irun, àràárọ̀ ni mo ń lọ wò ó.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìyá. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kún ojú ewé méjì, ẹ ò sọ pé bàbá kí mi. Bàbá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé mọ́sáláṣí ìdí ilé wa, òun náà ló wá lọ sí oko Djaloukou? Ta ló gbé e? Ẹ̀yin tí òjò kò dá dúró rí, orúnkún ló wá dá yín dúró? Ẹ lù mí ní kékeré torí irọ́ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan. Kí ni kí n ṣe fún yín báyìí?

Ẹ ní kí n wá kí n má béèrè ìdí. N kò lè tẹ aago yìí torí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìdí. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ sọ ọ́.

Assiath


Bantè, ọjọ́ 19 oṣù kìíní, ọdún 1997

Assiath,

Jókòó. Tí o bá ti jókòó, kì í ṣe orí àpótí, jókòó sílẹ̀.

Bàbá rẹ ti kú. Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun lórí ìjókòó, ó ní kí n bu ẹ̀kọ wá fún òun. Ìgbà tí mo fi máa gbé ẹ̀kọ dé, ó ti lọ. Ọjọ́ yẹn náà la sin ín. Lẹ́tà rẹ kò tíì dé nígbà náà. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ bíríkì òṣùpá. Ó dùn mí, torí ì bá ti sọ ọ́ fún gbogbo Bantè.

Àwọn àgbà ilé ní a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lẹ́yìn òkun, pé tó bá ṣubú, ta ni yóò gbé e dìde? Wọ́n ní kí n sọ pé ó lọ sóko. Mo gbà. N kò di ẹ̀bi náà ru ẹnikẹ́ni, ọwọ́ mi ló kọ irọ́ náà. O lè lù mí tí o bá dé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti wà nínú opó, èmi ni ẹni kẹta tí n kò dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́sí. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, n kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Òṣùpá ni mo fi ń kà á láti ojú fèrèsé, òṣùpá kan náà tí ìwọ ń mọ bíríkì fún. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ló máa pé.

Gbọ́ ìdí tí mo fi ní kí o wá. Ní ilé àwọn bàbá rẹ, opó kì í dá jáde. Ọmọ inú rẹ̀ ló máa fa ọwọ́ rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà lójú ẹbí, ibi tí ọmọ náà bá fà á lọ ló sì máa gbé. Tí ọmọ kò bá sí níbẹ̀, àbúrò ọkọ ló máa fà á. Tó bá ti fà á, ó ti di ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Moucharafou ní ìyàwó méjì ní Djaloukou, ó sì ń wá ẹ̀kẹta tí yóò máa bá a ru iṣu lọ sọ́jà Savalou. Ó ti ra aṣọ. Ó fi hàn mí láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àlùfáà ní kò sí irú rẹ̀ nínú ẹ̀sìn, pé obìnrin tó ti parí opó ló ni ara rẹ̀. Moucharafou ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlùfáà ló ni agbo ilé.

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Mo fẹ́ ọkọ kan, mo sin ín, ó tó. N kò fẹ́ Moucharafou. N kò fẹ́ Djaloukou. Ilé mi ni mo fẹ́, àti iṣẹ́ mi. Ìwọ nìkan ni mo bí. Wá fa ọwọ́ mi.

Sétou


Moscou, nínú yàrá, ọjọ́ 17 oṣù kejì, ọdún 1997

Ìyá mi,

Mo sunkún. Níbí kò sí ibi tí ènìyàn ń lọ sunkún sí, nítorí náà àwọn méjèèjì tí a jọ wà kọjú sí ògiri títí mo fi parí. Kí Ọlọ́run dárí jin bàbá mi. Inú ń bí mi sí yín. Oṣù mẹ́ta! Bàbá mi ti wà nílẹ̀, èmi ń wọn bíríkì tó là. Ká ní ẹ tẹ wáyà sí mi lọ́jọ́ kẹta oṣù kọkànlá, n kò tíì wọ ibí nígbà náà. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹ̀yin àti àwọn àgbà yín lẹ tì mí mọ́bí.

Báyìí, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló kù. Bí mo bá tẹ aago, kì í ṣe iṣẹ́ tèmi nìkan ló bàjẹ́. Ọdún mẹ́wàá ni dókítà yìí ti ń retí yàrá yìí. Ọkùnrin náà kò rí ọmọ rẹ̀ tó bí lóṣù kejìlá. Kí n wo ojú wọn kí n ní ẹ jẹ́ ká lọ? N kò lè ṣe é, ìyá. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ dúró nídìí aago náà, n kì í lè gbé ọwọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò. Rakia ni kó fà yín jáde lórúkọ mi. Mo fi eruku bíríkì kun àtẹ́lẹwọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tó wà nínú lẹ́tà yìí, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi Assiath, ọmọ Boukari, mo fi ọwọ́ mi lé Rakia lọ́wọ́. Ẹ fún Urbain, olùkọ́ tó wà lójúlé kejì, kó kà á sétí ẹbí. Wọ́n máa ń bẹ̀rù ohun tí olùkọ́ bá kà. Ẹ bá mi ní sùúrù títí di oṣù kẹrin.

Assiath


Bantè, nínú yàrá tèmi náà, ọjọ́ 13 oṣù kẹta, ọdún 1997

Assiath ọmọ mi,

Ọwọ́ rẹ dé lọ́jọ́ Sátidé, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n jáde. Mo gbé ọwọ́ mi lé e. O ti sanra níka. Urbain kà á fún ẹbí, ó kà á dáadáa, kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Moucharafou gba ìwé náà, ó yí i sókè, ó yí i sódì, ó ní, “Ọwọ́ ìwé kì í fa ènìyàn. Rakia ńkọ́? Ṣé òun ni Sétou bí?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní òótọ́ ló sọ.

N kò bá ọ jà pé o kò wá. Mo kàn jókòó, mo wo ilẹ̀ yàrá mi. Èmi àti Rakia la lù ú lọ́dún tí mo bí ọ. Mo bá mú ọkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa á. Yéè, ó le! Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ló fẹ́ ṣẹ́ mi lọ́wọ́. Omi ìwẹ̀ mi ni mo fi pò ó. Mo mọ ọ́n ní ìṣù ìṣù, mo tò ó sẹ́nu ọ̀nà àti ojú fèrèsé láti inú, ìpele kan láàárọ̀, ìpele kan nírọ̀lẹ́, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kó lè tètè gbẹ. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn bá mi ṣe é.

Lọ́jọ́ Àtàlátà wọ́n péjọ. Moucharafou wọ aṣọ funfun, ó fi òórùn dídùn sára. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́, ògiri ló bá! Rakia ní ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó bu iyọ̀ jẹ tó pè é ní ṣúgà. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ wó o. Rakia àti àwọn obìnrin tí a jọ ń lu ilẹ̀ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé igi ìlulẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó padà lọ jókòó. Ó ní ó dáa, ebi ni yóò lé mi jáde. Ó ti mú ọmọbìnrin méjì wá láti Djaloukou báyìí kí wọ́n máa fi ohùn rẹ pè mí, “Ìyá, mo ti dé o.” Mo ti pinnu, n kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́.

Mo fi ihò kan sílẹ̀ tó gba igbá oúnjẹ. Ibẹ̀ ni lẹ́tà yìí ń gbà jáde. Parí iṣẹ́ rẹ. Ìwọ ní yàrá, èmi náà ní yàrá. Tí o bá dé lóṣù kẹrin, mo wà níbí. Tí o kò bá dé, mo wà níbí náà. Ọwọ́ rẹ nìkan ni mo máa dì mú.

Sétou

Assiath, èmi Rakia ni mo kọ èyí sẹ́yìn ìwé. Ìyá rẹ kò mọ̀. Ògiri tó kọ́ náà kò tó o lójú, ó fẹ́ kó nípọn sí i, ó ń wa ilẹ̀ lọ. Mo fi iná wò ó láti ojú ihò: ó ti wa á dé ìdí ògiri ẹ̀yìn. Ìwọ náà mọ ilé amọ̀, o mọ ohun tí mo ń sọ. Ojú ọ̀run ti ń ṣú lápá Savalou. Òjò méjì, bóyá mẹ́ta, ògiri yẹn yóò kúnlẹ̀ lé e lórí. Mo kígbe sọ fún un, ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún Sétou? Kò ní gbọ́ ti ẹnikẹ́ni àfi tìrẹ. Ẹnì kan tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Cotonou ni Urbain máa fi lẹ́tà yìí rán, kó lè yá. Má dúró de oṣù kẹrin.


Bantè, ẹ̀yìn ògiri yín, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, ọdún 1997

Ìyá mi,

Assiath ni. Mo ti ń pè yín láti àárọ̀, ẹ ò dáhùn. Mo mọ ohun tó fà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sílẹ̀ níbí tí mò ń kọ ọ́, torí ẹ mọ ìkọ̀wé mi, kò sí ọmọ Djaloukou tó lè kọ ọ́.

Mo tẹ aago náà. Ọjọ́ ogún ló kù. Mo ka ohun tí Rakia kọ, n kò kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo kàn rí i pé ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin awakọ̀ òfuurufú náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà náà dì mọ́ mi, ó ń sunkún, n kò mọ̀ bóyá torí mi ni àbí torí ọdún mẹ́wàá rẹ̀. Wọ́n gba káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má bi mí léèrè bóyá ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Alùpùpù zémidjan ló gbé mi wá láti Savalou, eruku pupa bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ò ní dá mi mọ̀.

Ẹ gbọ́ mi. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti yí ẹ̀yìn ilé ká, ògiri ẹ̀yìn ti yọ ikùn síta, ìdí rẹ̀ sì ti tutù. Ẹ má fara tì í. Ẹ má wa ilẹ̀ kankan mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wó ti ẹnu ọ̀nà yìí, ẹ lọ dúró sí igun ọwọ́ òsì yín, ibẹ̀ ló le jù.

Àwọn àgbà wà níbí. Moucharafou jókòó sábẹ́ igi, aṣọ funfun náà ló wọ̀. N kò ní ilé kankan tí mo fẹ́ fà yín lọ, n kò sì ní iṣẹ́ mọ́. Rakia ní ká kọ́kọ́ wá sùn lọ́dọ̀ òun. Ìyẹn tó fún òní.

Mo ti ní kí gbogbo wọn dìde kí wọ́n wò ó. Mo fi ìwé yìí sínú ihò, mo sì na ọwọ́ mi tẹ̀lé e. Ó ti wà nínú lọ́dọ̀ yín báyìí. Ọwọ́ yín dà?